Bí Mo Ṣe Fi Tónà Kun Ìjọ Ọlọ́run Lójú

Pólì Ìlaròó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979 ló ń bọ́ àwa tí à ń tẹ̀wé lọ́nà ibẹ̀. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìsinmi, ìwé ètò ìsìnkú la fi ń jẹun. Oṣù keje ni iṣẹ́ ìsìnkú ìyá àgbà kan dé, òjò ò dá. Mo ti bọ́ ọ̀rá ara rìímù bébà mi sílẹ̀, mo tò wọ́n sórí sìmẹ́ńtì lẹ́bàá ògiri, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn. Ọlọ́gbọ́n ayé!

Igi ni wọ́n fi ṣe bébà, ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Ìwọ̀n ọ̀rinrin tó fẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá 50 nínú 100 lọ. Ti Ìlaròó lásìkò òjò a máa lé ní 80, sìmẹ́ńtì sì tún ń fa tiẹ̀ láti inú ilẹ̀. Ìyẹ̀fun ni tónà. Ooru inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń yọ́ ọ mọ́ bébà. Bí bébà bá tutù, omi inú rẹ̀ ni ooru náà á kọ́kọ́ máa gbẹ, tónà á kàn jókòó sójú bébà lásán. Bébà á ká, á há.

Ó há lóòótọ́. Mo gbá ẹ̀rọ létí. Mo pe atúnṣe, ó pààrọ̀ róbà tó ń fa bébà, ó gbowó, ó lọ. Kò tiẹ̀ bi mí pé níbo ni mò ń kó bébà sí! Inú rẹ̀ ṣì ń bí mi.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo wọ agbádá, mo jókòó síwájú kí wọ́n lè rí ẹni tó ṣiṣẹ́. Iná lọ, fáànù dúró, ìwé ètò di abẹ̀bẹ̀. Òógùn bo ọwọ́, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ọwọ́ tí wọ́n fi mú ìwé náà ni wọ́n fi nu omijé. Kí n tó ṣẹ́jú, iwájú orí akọrin ti dúdú, àmì ìka ti wà lára léèsì funfun àwọn ọmọ olóòkú. Àlùfáà fẹ́ pe orin, nọ́ńbà ti parẹ́. Akọrin mú tiwọn, ìjọ mú tiwọn. Imú màmá inú fọ́tò ti wà lára àtàǹpàkò àkọ́bí rẹ̀.

"Ta ló tẹ ìwé yìí?"

Èmi náà yíjú sẹ́yìn, mò ń wá onítọ̀hún. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, àbí? Eérú tèmi, ìjọ ló tọ̀.

Orí pákó ni rìímù mi ń sùn báyìí, ní ìbú, ó jìnnà sí ògiri. N kì í já ọ̀rá ara rẹ̀ àfi tí mo bá fẹ́ lò ó, mo sì ń di èyí tó bá kù padà sínú ọ̀rá.

Lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn, nígbà tí a jáde, ìyá arúgbó kan tí imú rẹ̀ dúdú kirikiri fà mí lọ́wọ́. "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Tó bá kan tèmi, Ayétòrò ni kí wọ́n ti lọ tẹ̀ ẹ́ o."