Ìjàpá àti Ajá Ilé

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, ó tún dá lórí Ajá Ilé.

Ìjàpá kì í ṣe àlejò nílùú Ọyàn; ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Ó ṣàdédé kọ òfin ìlú, ó ń kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ó ń jẹ oúnjẹ olóúnjẹ. Kìnnìún ọba ránṣẹ́ sí títì. Ìkookò àti àwọn èèyàn rẹ̀ ya dé bí eéṣú. Kábíyèsí ka orí wọn, ó ní ìlú ti ní ààbò. Kò béèrè ibi tí wọ́n ti ń jẹun alẹ́.

Ilé Ìjàpá ni. Wọ́n yó tán, wọ́n gbé kùmọ̀ jù sílẹ̀, wọ́n ń bá a ru bíríkì, wọ́n ń la ojú omi wá sílé rẹ̀, wọ́n tún ń lé ẹ̀ṣọ́ gidi sẹ́yìn.

Ajá Ilé kì í rìn títì. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé owó oṣù. Ó fi èékánná kọ́ ara ògiri, ibẹ̀ ló ń sùn. Òórùn olè tó bá ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í kúrò nímú rẹ̀. Bó ṣe rí Ìjàpá, ó gbé e gbámú! Ìjàpá nawọ́, ó fa okùn tí ará ilé so mọ́ Ajá lọ́rùn kó má baà bu ọmọ ilé jẹ. Ajá dákẹ́. Ìjàpá dá orin:

Ajá Ilé, sinmi o,
*Jẹ́ńjẹ́lẹ́!*
Ọmọ ilé lèmi náà,
*Jẹ́ńjẹ́lẹ́!*
Ìkookò ń bá mi mọlé,
*Jẹ́ńjẹ́lẹ́!*
Ọba ń kà wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín,
*Jẹ́ńjẹ́lẹ́!*

Adáhunṣe kan gbọ́ orin yìí. Ó fi awọ bo okùn náà, ọwọ́ Ìjàpá kò rí i dì mú mọ́. Ni Ajá bá tún fò mọ́ ọn. Lóòótọ́, ó bu ọmọ ilé mélòó kan jẹ pẹ̀lú.

Nínú ara èèyàn, Ìjàpá ni jẹjẹrẹ. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí ní Melbourne, ní Ọsirélíà, rí Ajá Ilé nínú jẹjẹrẹ ọyàn oríṣi triple-negative: sẹ́ẹ̀lì T tó fìdí kalẹ̀ sínú ẹran ara, tó ní àmì CD8 àti CD103. Obìnrin tí àmì wọn bá hàn dáadáa nínú kókó rẹ̀ tí a tètè rí sábà máa ń pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ, àmì yìí sì sọ bí ara yóò ṣe rí ju kíka CD8 lásán lọ. Awọ orí okùn ni oògùn pembrolizumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2021 fún irú jẹjẹrẹ yìí tí a tètè rí, tó sì léwu. Ní Nàìjíríà, àpò aláìsàn fúnra rẹ̀ ni owó oògùn náà ti sábà máa ń jáde. Kábíyèsí ṣì ń ka orí Ìkookò.