Bí Mo Ṣe Fi Katakata Gbin Ẹ̀kan

Ọjọ́ tí mo lọ ra katakata kékeré, irú èyí tí èèyàn ń di ọwọ́ rẹ̀ mú tó ń tẹ̀lé lẹ́yìn bí ẹni ń da màlúù, ìbéèrè mẹ́ta ni ọmọkùnrin tó ń tajà bi mí: ṣé ilẹ̀ yín le, ṣé gbòǹgbò wà níbẹ̀, irú koríko wo ló pọ̀ jù? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ni ní ìṣirò. Èmi ni mo máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ọjà.

Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún, họ́ọ̀sì 12, kò níṣòro. Ohun tí wọ́n ń so mọ́ ọn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Páláù aláwo méjì wà nílẹ̀, ó dúdú bí ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé síta. Ríjà tí wọ́n fi ń kọ ebè náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n rótárì! Abẹ 18, tó tẹ̀ kọ́rọ́ bí èékánná ẹkùn, ọ̀dà pupa ń dán lára rẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó ní abẹ 18 á ṣiṣẹ́ ju ohun tó ní àwo méjì lọ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ìṣirò nìyẹn.

Bí mo ṣe ń sanwó ni ojú mi tún lọ síbi ẹsẹ̀ irin ńlá méjì. Ọmọ náà ní àwọn tó ń gbin ìrẹsì ní àkùrọ̀ ló ń lò ó, kí ẹ̀rọ má baà rì sínú ẹrẹ̀. Oko mi wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, lórí òkè gbẹrẹfu. Ẹrẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó èyí tí ọmọdé máa fi ṣeré. Mo rà á, ó wù mí. Ẹsẹ̀ náà ni mo wọ̀ fún un tí mo fi wà á láti ojú títì dé oko. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu mi ní ẹyọ ẹyọ, fìlà bọ́, n kò rọ́nà bẹ̀rẹ̀ mú un. Adìyẹ ìyá àwọn ọmọ mi ló ń yé sínú ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ náà báyìí.

Èmi fúnra mi ni mo so abẹ mọ́ rótárì. Mo gbà pé abẹ ni abẹ. Àṣé ti ọ̀tún wà, ti òsì wà, ojú tó mú ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Mo dà wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn, ni ẹ̀rọ bá ń fi ẹ̀yìn abẹ gbá ilẹ̀ bí ẹni ń gbọn ẹní. Mẹkáníìkì tí mo pè jókòó sílẹ̀ kó tó lè rẹ́rìn-ín tán.

Ó tún un tò. Oṣù Èrèlé ni, ilẹ̀ le koko. Abẹ kò rí ilẹ̀ wọ̀, ló bá sọ ara rẹ̀ di ẹsẹ̀, ó ń fò lọ, ó ń wọ́ mi. Ẹni tó rí wa lókèèrè á rò pé katakata jí mi gbé.

Mo dúró de àkọ́rọ̀. Ilẹ̀ rọ̀, mo tún wọ oko, ó sì dùn! Ilẹ̀ kúnná bí èlùbọ́. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sáwọn àna mi. Lóòótọ́, ẹ̀kan ń wé mọ́ ọ̀pá abẹ bí òwú, mo ń paná, mo ń fi àdá gé e kúrò. N kò bi ara mi léèrè ibi tí ẹ̀kan yòókù ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá tí oko wa jọ pààlà yà kí mi. Ó fọwọ́ sẹ́yìn, ó wo oko títí.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀kan yín mà dára. Ṣé ẹ fẹ́ fi bolé ni?”

Ó fa ọ̀kan tu. Okùn funfun tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ ló ń bí i, ojú sì wà lára rẹ̀ ní oríkèé oríkèé bí ìrèké. Gé e sí mẹ́wàá, mẹ́wàá lè hù. Abẹ 18 ni mo fi gé ẹ̀bù ẹ̀kan, mo fi ilẹ̀ tó kúnná bò ó. Ká ní iṣu ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ni!

Bàbá ní páláù ló yẹ kó ṣáájú, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀: àwo rẹ̀ á yí gorí gbòǹgbò, á da ilẹ̀ dé, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn á sá okùn náà gbẹ, èèyàn á ṣà á jáde, kí rótárì tó débẹ̀. Mo padà lọ ra páláù, mo ra ríjà mọ́ ọn. Ọmọkùnrin yẹn kò rojọ́. Ó kàn bi mí bóyá mo fẹ́ wo ọjà.

Ti ríjà kì í ṣe ẹ̀bi ríjà. Irin méjì wà lábẹ́ ọwọ́ katakata: èèyàn fún ti òsì, ó yà sósì. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú nìyẹn o. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ tí èèyàn tú sílẹ̀ á máa sáré ju èyí tí ẹ́ńjìnnì ṣì dì mú lọ, ọ̀tún ló sì máa yà sí. Mo fún òsì, ó ya ọ̀tún. Mo tún fún òsì gidigidi. Ebè kan ṣoṣo ni mo kọ la àárín ẹ̀gẹ́ bàbá kọjá.

Bàbá wo ebè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “Ó gún,” ló wí.

A jọ ka ìdí ẹ̀gẹ́ tó wó. Èmi ka 43. Bàbá ka 60. Ọgọ́ta ni mo san.