Ìjàpá Wọ Ìyẹ́ Torí Àga

Ààlọ́ o! Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, olùdarí ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ omi nínú igbó ìdí Àpáta Asó.

Òfin igbó náà ni pé ẹni tó bá pé 60 ọdún láyé, tàbí 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, kó máa lọ sílé. Ní 2009, wọ́n fi kún un: olùdarí tó bá lo 8 ọdún lórí àga, kó dìde, akọ̀wé àgbà yóò lo 4 ọdún, bó bá ṣe dáadáa, wọn a fún un ní 4 sí i. Ehoro, igbákejì Ìjàpá, gbọ́ èyí, ó lọ rán agbádá.

Àga akọ̀wé àgbà kan ṣófo. Ẹ ṣáà mọ̀ pé pínpín ni wọ́n ń pín irú àga bẹ́ẹ̀: abìyẹ́ ní tiwọn, oníwo ní tiwọn, onípẹ̀ẹ́ ní tiwọn. Ti abìyẹ́ ló kàn. Ta ni kò mọ̀ pé Ìjàpá ti yá ìyẹ́ rí? Ó tọ Àdàbà lọ, ó yá méjì, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn, Òwìwí sì fún un níwèé ẹ̀rí ọmọ onílùú. Ó jókòó, ó forin sí i:

Àga yìí rọ̀, àga yìí tutù,
Egbè: Ṣìnkìn-ṣìnkìn!
Ẹni tó bá ní n dìde,
Egbè: Ṣìnkìn-ṣìnkìn!
Kó sọ irú ẹran tí mo jẹ́,
Egbè: Ṣìnkìn-ṣìnkìn!

Ní 2016, Kìnnìún mìíràn tó ti jọba igbó náà ní kí òfin àga náà ṣì sinmi ná. Ehoro ká agbádá pamọ́. Nígbà tí òfin náà fi máa padà yọjú ní 2023, ìpẹ́ ẹja ló wà lára Ìjàpá.

Òkété tó ń tọ́jú fáìlì ló já a. Fáìlì mẹ́ta ló bá: Ìjàpá oníkarawun ti pé 63, abìyẹ́ jẹ́ 54, onípẹ̀ẹ́ jẹ́ 47, ìtẹ̀ka kan ṣoṣo ló wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ti onípẹ̀ẹ́ bá jẹ́ òótọ́, ọmọ ọdún 9 ló kọ́kọ́ gbowó oṣù.

Wọ́n ní kó dìde, ó fa orí wọlé. Wọ́n bá gbé e tòun tàga lọ síbi ayẹyẹ ìdágbére. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, Yánníbo jó títí gèlè tú.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, lẹ́tà Kìnnìún dé: Ìjàpá ti di olùdámọ̀ràn pàtàkì lórí ọ̀rọ̀ omi. Lẹ́tà Ehoro náà dé, kó wá di àga mú gẹ́gẹ́ bí adelé. Ó sáré tú àpótí, ó fa agbádá yọ. Ọwọ́ kan ló ṣì wọ̀ tí Òkété fi kanlẹ̀kùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ pé 60 lánàá.”