Ìjàpá Dí Ihò, Yánníbo Tà Á

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo. Ó dá lórí Ayékòótọ́ onídìí pupa. Ó sì dá lórí gbogbo ẹranko tó ń fi àpótí orí-itan jẹun láti Yábàá dé Mushin.

Ní ayé ìgbà tí NEPA ti pààrọ̀ orúkọ tán, tí iná kò sì pààrọ̀ ìwà, àwọn ẹranko kó wá sí Èkó láti wá iṣẹ́. Ìjàpá wo ọkọ́, ó ní ọkọ́ kò yẹ òun. Ó wo àdá, ó ní àdá kò yẹ òun. Ó jókòó, ó ronú, ó kan àpótí.

Àpótí náà dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ má baà ní mo kórìíra Ìjàpá. O ṣí i, ó tàn. O pa á dé, ó sùn. Ara rẹ̀ nípọn díẹ̀, ṣùgbọ́n ihò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ihò mẹ́mọ́rì kádì wà. Ihò fìláàṣì wà. Ihò okùn tó ń gbé àwòrán lọ sára tẹlifíṣàn ńlá wà. Okùn iná rẹ̀ ló wá yà mí lẹ́nu jù. Òòfà ni wọ́n fi sí i lórí. Bí ọmọdé bá fẹsẹ̀ kọ́ okùn náà, okùn a já bọ́, àpótí a dúró síbi tó wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé oníyàrá-kọjú-síra ní Ìtirẹ́ rí, níbi tí wáyà jẹnẹrétọ̀ ti ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹ mọ iye àpótí tí òòfà yẹn gbà là.

Ọ̀bọ rà á. Ọ̀bọ ń gé fíìmù, ó ń tò ó pọ̀, ní ọ̀nà Adéníran Ògúnsànyà ní Sùúrùlérè. Ẹyẹlé rà á. Ẹyẹlé ń ya fọ́tò ìyàwó ní Mushin. Bó bá di Sátidé, á ti òde kan bọ́ sí òmíràn. Àdán rà á. Àdán kì í sùn lóru, nítorí náà ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Yábàá, lẹ́bàá ọ̀nà Herbert Macaulay. Ìgbín náà rà á. Ìgbín ń bá àwọn oníṣòwò ọjà Òjúwòyè ṣírò owó. Kì í yára, ṣùgbọ́n kì í sọ nǹkan nù.

Níbo ni wàhálà gbà wọlé? Ẹnu Ayékòótọ́ ni.

Ayékòótọ́ a máa bà lé afárá Ojúẹlẹ́gba ní kùtùkùtù, á pariwo mọ́ àwọn tó há sínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ nísàlẹ̀. Á ní, “Mo gbọ́! Mo gbọ́! Àpótí tuntun ń bọ̀!” Wọ́n á bi í pé ta ló sọ fún un. Á ní, “Ẹni tó mọ ẹni tó ń bá Ìjàpá fá pákó.” Wọ́n á bi í pé báwo ló ṣe rí. Á fà á gùn, á sì dá orin:

*Lílé:* Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀ lọ́nà
*Ègbè:* Fẹ́lẹ́!
*Lílé:* Ó rí pẹlẹbẹ bí ewé
*Ègbè:* Fẹ́lẹ́!
*Lílé:* Ọ̀rẹ́ mi, má tíì ra tòní
*Ègbè:* Fẹ́lẹ́!
*Lílé:* Tọ̀la ló dùn jù ú lọ
*Ègbè:* Fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́, ó ń bọ̀!

Bí wọ́n bá ti gbọ́ orin yìí, kò sẹ́ni tí yóò ra àpótí mọ́. Ti Ẹyẹlé ló burú jù. Àpótí rẹ̀ ti gbó. Owó tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò ra ti ọdún yìí, ti ọdún tó ń bọ̀ ni àpótí. Ó ń dúró. Àpótí àtijọ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ìyàwó méjì ń retí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Òde méjèèjì bọ́. Ó ṣì ń dúró.

Èmi kò mọ ẹni tó ń sanwó fún Ayékòótọ́ o. Mo kàn mọ̀ pé àgbàdo kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún 2016 dé. Ọdún náà le. Ní oṣù kẹfà, àwọn tó ń ṣọ́ àpò ìlú tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tó ti wà ní bíi 197 náírà tẹ́lẹ̀ fò kọjá 280. Owó àpótí fò tẹ̀lé e. Ní oṣù kẹjọ, Mark Zuckerberg wá láti Amẹ́ríkà, ó ń fẹsẹ̀ rìn ní Yábàá. Orí gbogbo ẹranko Yábàá wú. Ẹni tó bá gbé àpótí tó nípọn jáde bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ bò ó. Ìjàpá wò wọ́n, ó mi orí. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ó gbé tuntun jáde.

Àtẹ́lẹwọ́ kan ló gbé e lé. Ó tín-ín-rín. Ó ń dán. Gbogbo ẹranko ní, “Háà!”

Ìgbín na ìwo rẹ̀ méjèèjì. Ó yẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wò, ó yẹ ẹ̀gbẹ́ òsì wò. Ó ní, “Bàbá Ìjàpá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ihò mẹ́mọ́rì kádì ńkọ́?”

“Mo ti dí i.”

“Ihò fìláàṣì ńkọ́?”

“Mo ti dí i.”

“Ti tẹlifíṣàn ńkọ́?”

“Mo ti dí i.”

“Òòfà orí okùn iná?”

“Mo ti gé e dànù.”

Ìgbín ní, “Ẹ má bínú sí mi, bàbá. Ihò mẹ́rin ni mo rí. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Kò sì sí nǹkan kan nínú àpò mi tó lè wọ èyíkéyìí nínú wọn.”

Ìjàpá fọwọ́ lu àyà. Ó ní, “Ìgbín, ó gba ìgboyà.”

Ó ti sọ ọ̀rọ̀ ìgboyà yẹn ní oṣù kan ṣáájú, nígbà tó dí ihò íápíìsì lára fóònù tó ń kàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un nígbà náà. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Wọ́n kó owó sílẹ̀. Ìgbín nìkan ló gbé àpótí rẹ̀ àtijọ́, ó wọ́ lọ sílé.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ẹyẹlé ti òde dé pẹ̀lú kádì tó kún fún àwòrán. Kò rí ihò. Ó sáré tọ Ìjàpá lọ. Ìjàpá ní, “Àǹtí yín wà ní Tẹ̀júoṣó. Ẹ lọ bá a.” Ẹyẹlé dé Tẹ̀júoṣó, ó bá Yánníbo lórí àpótí ìjókòó, kọnfátà funfun rọ̀ yí i ká lókè àti nísàlẹ̀. Èyí fún kádì. Èyí fún fìláàṣì. Èyí fún tẹlifíṣàn. Ihò tí ọkọ dí láàárọ̀, ìyàwó ń tà á lọ́sàn-án. Bí o bá ra mẹ́ta tán, tí o so wọ́n mọ́ àpótí fẹ́lẹ́, ẹrù rẹ ti pọ̀ ju ti Ìgbín lọ.

Ariwo sọ. Yánníbo dín owó kọnfátà kù, ó ní títí ọdún náà yóò fi parí ni o. Àwọn ẹranko kúnlẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dín owó ihò wọn kù fún wọn!

Èyí kò tíì tó. Kí àpótí lè tín-ín-rín, Ìjàpá ti gé ẹsẹ̀ àwọn bọ́tìnnì ìkọ̀wé rẹ̀ kúrú. Bọ́tìnnì kò rì mọ́, ó kàn ń fara kan ilẹ̀ ni. Ọ̀bọ sì rèé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gé fíìmù láìjẹ ẹ̀pà. Èèpo ẹ̀pà kan fò, ó wọ abẹ́ A. A há. Ọ̀bọ fẹ́ kọ orúkọ fíìmù sí ojú rẹ̀, ó fẹ́ kọ “Ayaba”. Ó kọ “yb”. Ó tún un kọ. “yb”. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbọ̀n ọ́n, ó bẹ̀ ẹ́. “yb”.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ẹnjiníà tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ní Láwànsọ́n. Kò sí àpótí tí ó kọ́ ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò tíì ṣí rí. Ó yí àpótí fẹ́lẹ́ dojú dé. Ìṣó rẹ̀ kì í ṣe ìṣó tí ayé ń lò, ìṣó olójú márùn-ún ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ fi fáìlì rẹ́ irin, ó ṣe sìkirudíráfà tirẹ̀. Ó ṣí i. Ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì mọ́ àyà àpótí. Wọ́n kan bọ́tìnnì mọ́ àyà kan náà. Ẹ ó ra àyà tuntun pẹ̀lú bátìrì.”

“Torí èèpo ẹ̀pà?”

“Torí èèpo ẹ̀pà.”

Àdán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà ní, “Èmi ò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo kàn fẹ́ kí ẹ bá mi fi mẹ́mọ́rì kún tèmi. 16 ló wà níbẹ̀, 32 ni mo ń fẹ́.” Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ìka hàn án. Wọ́n ti jó mẹ́mọ́rì mọ́ pátákó. Àdán fi orí sọlẹ̀. Ẹ óò ní bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà yàtọ̀.

Ní oṣù kẹfà 2018, Ìjàpá gbà pé lóòótọ́ ni, bọ́tìnnì ń há. Ó ní òun yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀bọ jó. Ó ní, “Bàbá, níbo ni ilé àtúnṣe wà?” Ìjàpá nawọ́ sí ọ̀nà òkun.

Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, Kìnnìún fẹ́ ra àpótí fún gbogbo akọ̀wé ààfin. Ó ní kí Ìjàpá wá fi ẹwà rẹ̀ hàn lójú gbogbo ayé. Ó pè wọ́n jọ sí pápá ìṣeré ńlá ní Sùúrùlérè, èyí tí wọ́n ṣí ní 1972, tí koríko rẹ̀ ti ń bo Àgbọ̀nrín mọ́lẹ̀. Wọ́n na aṣọ funfun fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kí àwòrán lè hàn lára rẹ̀. Ìjàpá wọ agbádá. Ó gbé àpótí jáde. Ó mú okùn àwòrán. Ó wá ihò. Kò sí ihò.

Ó wo Yánníbo. Yánníbo wo ilẹ̀. Ó ti ta kọnfátà tó kẹ́yìn ní ẹnu géètì.

Ìjàpá ń làágùn. Ó ní, “Ta ló ní kọnfátà?” Ọ̀kẹ́rẹ́ dìde. Ó ní òun ní ọ̀kan. Ó dá iye kan lé e, Ìjàpá lọgun.

“Kí ló mú un wọ́n tó báyìí?”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, “Bàbá, ó gba ìgboyà.”

Ìjàpá sanwó. Ó ki kọnfátà bọ̀ ọ́. Àwòrán fẹ́ yọ báyìí, ni wọ́n mú iná lọ. Wọ́n fa jẹnẹrétọ̀, wọ́n na wáyà. Àgbò ń sáré lọ gba oúnjẹ, ó fẹsẹ̀ kọ́ wáyà. Òòfà kò sí níbẹ̀ mọ́. Wáyà wọ́ àpótí, àpótí já bọ́ láti orí tábìlì. Gbáà! Ojú rẹ̀ là sí méjì.

Kìnnìún bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù. Ìgbín yọ síwájú jẹ́jẹ́. Ó ní, “Kábíyèsí, ẹ jọ̀wọ́. Bàbá Ìjàpá, ẹ fún mi ní fìláàṣì yín, ihò wà lára tèmi.” Ẹ̀rù ò jẹ́ kí Ìjàpá ronú. Ó nà án sí i. Ìgbín ki fìláàṣì bọ ihò, ó ki okùn àwòrán bọ ihò. Aṣọ funfun mọ́lẹ̀ kedere.

Ohun tó kọ́kọ́ yọ kì í ṣe àwòrán àpótí. Ìwé ìṣirò Yánníbo ni. Kìnnìún kà á sókè:

“Èrè àpótí: ó dára.
Èrè kọnfátà: ó dára jù.
2019: dá bọ́tìnnì àtijọ́ padà.
2021: dá ihò padà, dá òòfà padà, fi owó kún un.
Àgbàdo Ayékòótọ́: kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀.”

Ayékòótọ́ ti fò kí wọ́n tó kà á débẹ̀.

Wọ́n fẹ́ pa Ìjàpá. Kìnnìún ní rárá. Ó ní, “Ìwọ lo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ìwọ ni wàá tú u.” Wọ́n wọ́ Ìjàpá lọ sí Láwànsọ́n, wọ́n ní kí ó di ọmọ iṣẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́, kí ó máa ṣí àpótí gbogbo ẹni tí bọ́tìnnì rẹ̀ bá há, láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ẹranko tò láti abẹ́ àtẹ̀gùn dé títì. Ìjàpá mú ìṣó olójú márùn-ún, ó bọ́, ó yí lọ sínú gọ́tà. Ó fa bátìrì, gọ́ọ̀mù fà á mọ́ra. Ó fi èékánná họ ọ́ títí èékánná fi jẹ tán. Ọ̀kẹ́rẹ́ a ní, “Ìjàpá! Fi ìyẹn sílẹ̀, lọ ra píọ̀-wọ́tà wá.” Àwọn tó wà lórí ìlà a sì máa kọrin:

*Lílé:* Ta ló dí ihò wa pa?
*Ègbè:* Fẹ́lẹ́!
*Lílé:* Ta ló gé ẹsẹ̀ bọ́tìnnì?
*Ègbè:* Fẹ́lẹ́!
*Lílé:* Bàbá, àpò wa ńkọ́ o?
*Ègbè:* Fẹ́lẹ́!
*Lílé:* Èékánná tìrẹ ńkọ́ o?
*Ègbè:* Fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́, ó ti tán!

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó padà sídìí àpótí. Ní oṣù kọkànlá 2019, ó dá bọ́tìnnì àtijọ́ padà. Ní oṣù kẹwàá 2021, ó gbé èyí tó nípọn jáde. Ihò kádì rèé, ihò tẹlifíṣàn rèé, òòfà rèé. Ó gé díẹ̀ níwájú orí ojú rẹ̀, ó kùn ún dúdú, ó ní yóò mọ́ wọn lára. Owó rẹ̀ lé sí i, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Wọ́n ti kà á lára aṣọ funfun! Kìnnìún ló kà á sókè fún wọn! Síbẹ̀ Ọ̀bọ ń fò sókè, ó ní, “Ìjàpá gbọ́ tiwa! Ó gbọ́ tiwa!” Ẹyẹlé ń sunkún ayọ̀.

Ayékòótọ́ ti padà sórí afárá Ojúẹlẹ́gba báyìí. Ó ní òun gbọ́. Ó ní èyí tó ń bọ̀ yóò tún tín-ín-rín. Ó ní ìka ni wọn yóò máa fi tẹ ojú rẹ̀. Àdán ti ń tọ́jú owó. Ẹyẹlé ti dáwọ́ rírà dúró. Ìgbín dé abẹ́ afárá, ó bi í pé, “Ihò mélòó ni wọn yóò fi sílẹ̀?” Àgbàdo kún ẹnu Ayékòótọ́, kò lè fèsì.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn abẹ́ àtẹ̀gùn, ó wọ dánfó, ó di Tẹ̀júoṣó. Ó bá kọnfátà àtijọ́ tí eruku ti bò nínú àpò ìrẹsì mẹ́ta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Yánníbo. Ó ní mélòó ni gbogbo rẹ̀.

Yánníbo wò ó tìfura-tìfura. “Kí lo fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe?”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, “Àǹtí, ẹ ṣáà bá mi dín in.”