Sátífíkéètì Tí Kò Ní Ìrẹsì

Bí ẹ bá pàdé nọ́ọ̀sì Yorùbá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ojú rẹ̀ ń wá sọ́tùn-ún sósì, ẹ má rò pé gbèsè ló jẹ. Wákàtí ló ń wá. NMC, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwa nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbí, ti fi lélẹ̀ pé láàárín ọdún 3, kálukú gbọ́dọ̀ fi wákàtí 35, ó kéré tán, kọ́ nǹkan kún iṣẹ́ rẹ̀, kí 20 nínú wákàtí náà sì jẹ́ èyí tí òun àti àwọn ẹlòmíràn jọ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò tún jókòó kọ àkọsílẹ̀ 5 nípa ohun tó rí kọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ti ń gúnni lábẹ́rẹ́ láti ayé Abacha ni wọ́n ní kó wá kọ àròkọ bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Yunifásítì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣa wákàtí yìí jọ. Wọ́n ní kọ́ọ̀sì kéékèèké, ti ìrọ̀lẹ́, ti òpin ọ̀sẹ̀, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ìdánwò, kò sí máàkì, kò sì lè di dìgírì láéláé, bí èèyàn ṣe é títí irun rẹ̀ fi funfun. O sanwó, o jókòó, o gbọ́, wọ́n fún ọ ní ìwé-ẹ̀rí pé o jókòó. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá mi ní Ìṣẹ́yìn. Ahunṣọ ni wọ́n, ìdí òfì ni wọ́n sì ti gbé fóònù.

"Ṣé yunifásítì gan-an ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Wọn ó fún ọ ní dìgírì?"

"Rárá o."

"Wọn ó fi kún owó oṣù ẹ?"

"Wọn ò ní í fi kún un, sà."

"Ìwọ lò ń sanwó fún wọn?"

"Èmi ni, sà."

Wọ́n dá ọ̀kọ̀ dúró. "Ta ló mú ẹ mọ àwọn èèyàn yìí?"

Bàbá mi lẹ́tọ̀ọ́ láti fura, ṣùgbọ́n nǹkan yìí kì í ṣe tòní, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tiwọn gan-an ni wọ́n sì dá a sílẹ̀ fún. Ní 1823, dókítà kan tó ń jẹ́ George Birkbeck ṣaájú àwọn tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tó ń fi ọwọ́ wọn jẹun. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ló di Birkbeck tó wà lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Ní 1873, Cambridge náà bẹ̀rẹ̀ sí í rán olùkọ́ lọ sí ìlú mìíràn, kí ẹni tí kò lè wọ yunifásítì lè gbọ́ tiẹ̀ nílé. Wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, kò sì pẹ́ tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ extra-mural, ìyẹn ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn odi ọgbà, fi tẹ̀ lé e. Robert Gardiner, ọmọ ilẹ̀ tó di Gánà, ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ulli Beier, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Òṣogbo, abẹ́ ẹ̀ka yìí ló wà nígbà tó kó kúrò nínú ọgbà yunifásítì lọ máa gbé Ẹdẹ, tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ wá béèrè ẹ́sítírà-múúrà lọ́wọ́ ọmọ Ṣakí lónìí. Lẹ́sìnnì WAEC àti JAMB ni yóò júwe fún yín. Wọ́n gbé ẹ̀kọ́ tí kò ní ìdánwò wá fún wa, a sì bá a wá ìdánwò.

Kọ́ọ̀sì tí mo ṣe kẹ́yìn dá lórí bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ tó le fún ara ẹni níbi iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ wa, mo lè bí i lọ́mọ. Ó ní kí á ṣe é bí eré: kí n mú ẹnì kejì mi bí ọ̀gá kan tó máa ń pẹ́ dé, kí n sì sọ fún un. Kí n sún síwájú díẹ̀ lórí àga, kí n wò ó lójú, kí n lọ tààrà síbi ọ̀rọ̀. Ẹ gbà mí! Ní Ìṣẹ́yìn, bí mo bá ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá àgbà sọ, màá kúnlẹ̀, màá béèrè ilé, màá béèrè ọ̀nà, màá béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, a ó jọ ṣàròyé òjò tí kò rọ̀, n ó sì dìde lọ láìsọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì ni n ó lọ bá ẹni tí wọ́n máa ń gbọ́ sí lẹ́nu, ẹni yẹn ni yóò bá mi sọ ọ́. Wíwo àgbà lójú tí wọ́n wá ń kọ́ mi yìí, ìyá mi ti fi ìfọ́tí wò ó sàn lára mi láti kékeré. Ẹnì kejì mi, ará Poland tó ń tọ́jú arúgbó, kò mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. A wo ara wa títí, ẹ̀rín pa wá. Olùkọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àárín wa gún.

Lọ́jọ́ tó parí, ẹnikẹ́ni ò kí mi. Ìwé-ẹ̀rí wọlé sórí ímeèlì lóru, PDF kan ṣoṣo, abọ́ ni mo ń fọ̀ lọ́wọ́. Mo nu ọwọ́, mo ṣí i, mo tì í, mo padà sídìí abọ́.

Ẹ fi wé ọjọ́ tí àbúrò mi ọkùnrin gba fírídọ́ọ̀mù mẹkáníìkì ní Ṣakí. Wọ́n ti ta kánọ́pì láti òwúrọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ wọ aṣọ kan náà. Alága ní kó kúnlẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ gbé sípánà lé e lọ́wọ́, kì í ṣe tuntun o, èyí tó ti ń lò bọ̀ láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ṣẹ́ ni, ọ̀rá ẹ́ńjìnnì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbọ́wọ́ lé e lórí: "Ohun tó o bá tú, wàá mọ̀ ọ́n dè. Ohun tó o bá dè, kò ní í tú sọ́nà." Àmín ròkè. Ẹ̀yìn àdúrà ni wọ́n wá ka òfin fún un: kò gbọdọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù kó dojú kọ ti ọ̀gá rẹ̀, kò gbọdọ̀ fa kọ́sítọ́mà ọ̀gá. Ìwé-ẹ̀rí wà nínú gíláàsì, fọ́tò ọ̀gá lápá kan, ti ọmọ lápá kejì. Kúlà ìrẹsì ń wọlé tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì kò bi í ní ìwé kankan. Ó ti jẹ ìrẹsì rẹ̀, ó mọ̀ pé ó mọṣẹ́.

N kò ní í torí pé mo fẹ́ràn ilé kí n parọ́: ìrẹsì yẹn kan náà ló ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ti gba fírídọ́ọ̀mù ti di ọ̀gá. Bí wọ́n bá tún rí i tó jókòó níwájú ẹni tó ń kọ́ ọ, wọn á ní iṣẹ́ ò yé e tẹ́lẹ̀. Níbí, mo máa ń pàdé ìyá òyìnbó kan lórí àtẹ̀gùn yunifásítì, arúgbó kùjọ́kùjọ́, ọ̀pá lọ́wọ́, tó ń lọ sí kíláàsì èdè Ítálì. Ká ní Ìṣẹ́yìn ni, àwọn ọmọ rẹ̀ á ti pèpàdé, wọ́n á bi í pé ta ló mọ̀ ní Ítálì.

Àwọn ọ̀gá ilé kò ṣàìkọ́ o, wọn kì í jẹ́ kí á rí wọn ni. Mo wà pẹ̀lú bàbá mi níbi ìnáwó kan tí wọ́n sún mọ́ obìnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí. "Ẹ kú ìnáwó, màmá. Ìpele yín fẹ́ bọ́." Kò fẹ́ bọ́. Wọ́n bá a gbé e padà sí èjìká, wọ́n fi àtàǹpàkò pa etí aṣọ náà wò, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, wọ́n ń ka fọ́nrán òwú dídán tó wà nínú rẹ̀, ètè wọn ń mì. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, irú rẹ̀ ti wà lórí òfì wọn. Bí ó bá ṣe NMC ni, wákàtí mélòó nìyẹn?

Ì bá wù mí kí Yunifásítì LAUTECH, tó ti ní ọgbà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìṣẹ́yìn báyìí, àti Poly Òkè-Ògùn ní Ṣakí, tó jẹ́ ẹ̀ka Poly Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, ṣí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún ahunṣọ àti mẹkáníìkì. Kò ní í ṣàjèjì. Àwọn òṣìṣẹ́ ADP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, tí olú-iléeṣẹ́ wọn wà ní Ṣakí, ti ń wọ oko lọ kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo tipẹ́, àgbẹ̀ ò sì bi wọ́n ní sátífíkéètì. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ń rí ẹ̀gẹ́ wú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ mẹkáníìkì nírọ̀lẹ́, kó yáa ṣírò owó ìrẹsì mọ́ ọn.

Àbúrò mi ti fi sólà kún iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Ó rí kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ti yunifásítì kan lókè òkun lórí fóònù, ó sì ń ṣe é lóru nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, láìjẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ mọ̀. PDF ti dé. Ó pè mí ní Sátidé pé òun ti tẹ̀ ẹ́ jáde, òun ti fi sí gíláàsì, fọ́tò òun ti wà lápá kan, kí n bá òun wá fọ́tò ọ̀gá yunifásítì náà sí apá kejì. Aṣọ ẹbí ti jáde, aláwọ̀ ewé. Ó ní kí n sì bá òun béèrè lọ́wọ́ wọn, èèyàn mélòó ni wọ́n ń rán bọ̀, kí àwọn lè mọ iye kúlà.