Nígbà Tí Ẹyẹ Wá Ń Wòṣe Àdán

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Ẹni tí òwe náà ń bá wí ni ẹni tó dákẹ́ síbi kan, tó ń fojú ṣọ́ ìwà àwọn ẹlòmíràn láìsọ ohun tó wà nínú rẹ̀, títí ọjọ́ tí yóò fi mọ irú ìdáhùn tó yẹ wọ́n. Kò sí ibi kankan tí àwọn àgbà ti ní kí ẹyẹ náà lọ dorí kodò. Òde òní ló yí ọ̀rọ̀ padà, nítorí ẹyẹ tí ẹ̀ka tó nípọn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wá ń wòṣe àdán lórí fóònù, tó sì ń wá ibi tí yóò so ara rẹ̀ rọ̀ sí. Àpẹẹrẹ kan tó hàn gbangba ni gbígbin tòmátì ní ìdoríkodò.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò le. Wọn a lu ihò sí ìdí korobá, wọn a ki ọ̀dọ́ igi tòmátì bọ inú ihò náà kí ewé rẹ̀ yọ sí ìsàlẹ̀, wọn a fi ègé fóòmù há a mọ́ ibẹ̀ kí ó má baà já bọ́, lẹ́yìn náà ni wọn a da ilẹ̀ lé gbòǹgbò rẹ̀ lórí, tí wọn a sì fi okùn gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ igi àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n polówó àpò tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, èyí tí wọ́n pè ní Topsy Turvy, lórí tẹlifíṣàn títí ó fi di ìlú mọ̀ọ́ká. Ohun tí àwọn olùpolówó sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá: wọ́n ní kò sí pé à ń ro oko, kò sí pé à ń fi igi gbé tòmátì ró, àti pé àrùn inú ilẹ̀ kò ní rí i mú. Òótọ́ ni pé aràn wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí ń jẹ gbòǹgbò tòmátì, àti pé àrùn kan wà nínú ilẹ̀ tó máa ń mú kí igi náà rọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mímọ́ tó wà nínú korobá ló gba tòmátì lọ́wọ́ ìwọ̀nyí, kì í ṣe okùn. Korobá kan náà tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ sórí ilẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ kan náà.

Tòmátì alára kò sì fara mọ́ ètò yìí. Ní ọdún 1806, Thomas Andrew Knight, ará Gẹ̀ẹ́sì, so irúgbìn mọ́ kẹ̀kẹ́ tí omi ń yí, ó sì rí i pé gbòǹgbò gbogbo wọn kọjú síta, tí ọ̀mùnú wọn sì kọjú sí àárín kẹ̀kẹ́, èyí tó fi hàn pé fífà tí ilẹ̀ ń fa nǹkan ni ohun ọ̀gbìn fi ń mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó tẹ̀ lé e ṣàlàyé pé èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní auxin, èyí tó ń mú ara igi gùn, tó sì máa ń gbá jọ sí abẹ́ igi tó bá dùbúlẹ̀ tàbí tó tẹ̀, kí abẹ́ náà lè yára dàgbà ju òkè lọ, kí orí igi sì tipa bẹ́ẹ̀ gbéra sókè. Nítorí náà, tòmátì tí wọ́n so kodò kò ní pẹ́ tí yóò fi tẹ̀ kọ́rọ́, tí yóò máa wá ọ̀nà òkè lọ, tí korobá yóò sì máa ṣíji bò ó. Bí ó bá wá so èso, ìwúwo èso náà yóò tún fà á wálẹ̀. Omi tó ń kán láti inú ihò yóò máa rin ewé, bẹ́ẹ̀ ewé tí kì í gbẹ ni ibùgbé àrùn tó ń fi àmì dúdú sára tòmátì.

Ẹni tó ń gbé àjà kẹta ní Èbúté Mẹ́ta tàbí ní Peckham nílùú Lọ́ńdọ̀nù, tí kò ní ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró lọ, lè sọ pé kò sí ibòmíràn. Kí ni ti Òmùpo? Ìlú Ìgbómìnà ni Òmùpo, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí ẹ̀yìnkùlé kì í ti í ṣe ohun àwárí. Lẹ́bàá balùwẹ̀ àti létí ààtàn ni tòmátì ti máa ń hù fúnra rẹ̀ láti inú omi ìṣanwọ́ àti ìdọ̀tí ìdáná, tí ìyàwó ilé a sì já a sínú ọbẹ̀ láìmọ ẹni tó gbìn ín. Ọ̀làjú dé, wọ́n da sìmẹ́ǹtì bo ẹ̀yìnkùlé náà kí bàtà má baà kan ẹrẹ̀, lẹ́yìn èyí ni baálé ilé wá lọ ra ilẹ̀ sínú àpò, tó gbé e gun àkàbà, tó sì fi kọ́ òrùlé, kí ó lè rí ibi gbin tòmátì.

Korobá oní-lítà 20 tí ilẹ̀ tútù kún inú rẹ̀ wúwo ju kílò 20 lọ, kò sì sí káfíńtà tó ro irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mọ́ igi àjà. Bí ọyẹ́ bá dé, atẹ́gùn a fẹ́ ilẹ̀ inú korobá náà gbẹ kí alẹ́ tó lẹ́, ní àsìkò tí kànga pàápàá ti ń fà. Bí omi kò bá sì lọ déédéé, kálísíọ́mù kì í dé ara èso bó ṣe yẹ, ìdí èso a dúdú, a sì jẹrà. Olóko òrùlé a ní ayé ló ń ṣe é.

Ìṣòro tòmátì ní Nàìjíríà kò sí níbi tí orí rẹ̀ kọjú sí. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń jẹ ní ilẹ̀ Yorùbá ń bọ̀ láti Kánò àti Kàdúná nínú apẹ̀rẹ̀, lórí ọkọ̀ akẹ́rù, wọn a máa tẹ ara wọn fọ́ lójú ọ̀nà. Ní ọdún 2016, àfòpiná kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tuta absoluta ba oko jẹ́ débi pé ìjọba Kàdúná kéde pàjáwìrì lórí tòmátì, tí àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní Ebola tòmátì. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò náà ti wá, ó dé Sípéènì ní ọdún 2006 kó tó sọdá sí Áfíríkà. Ẹni tó bá fò tó bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàìlè fò dé abẹ́ òrùlé. Ẹni tó ń wo fídíò onítòmátì láti California lálaalẹ́ kò tíì ronú àtilọ sí Òmù-Àrán nítòsí rẹ̀, níbi tí Landmark University ti wà láti ọdún 2011, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe pàtàkì ẹ̀kọ́ wọn, kó sì béèrè irúgbìn tó lè fara da àrùn.

Kí ará Òmùpo tó fẹ́ jẹ tòmátì fọ́ igun kan lára sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé, tàbí kí ó lọ sí àkùrọ̀, ìyẹn ilẹ̀ ọlọ́rinrin létí odò tí wọ́n ń dáko sí nígbà ẹ̀rùn. Kí ó gbin irúgbìn sí ojú kan, kí ó ṣí wọn gbìn nígbà tí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ó fi koríko gbígbẹ bo ìdí wọn, kí ó sì fi igi gbé wọn ró. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, wọn yóò ti máa pọ́n.