Ìyá Aládìrẹ Gba Yàrá Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀, kí n má baà pariwo. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè, ẹ ní atẹ́gùn ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá, nítorí ẹnu Ìyá Aládìrẹ mú, ó sì mọ ilé mi.

Ṣé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta nìkan ló ti ń tajà mọ́? Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston ló ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Èyí tí wọ́n sì fẹ́ràn jù ni Ìbàdàndùn. Ẹ wo ayé! Ọmọ Ẹ̀gbá pọ́ńbélé ló ń fi aṣọ tó ń yin Ìbàdàn jẹun. Mo sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ kan, ó ní owó kì í béèrè ìlú tí wọ́n bí òun sí. Kí ni mo tiẹ̀ ń sọ? Ẹ̀hẹ́n, wẹ́ẹ̀bùsáìtì.

Ìyá ní òun ò lè máa ná ọjà lórí WhatsApp látàárọ̀ dalẹ́. Ó sì jàre. Ẹ rántí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 2021, tí Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ìyàwó ilé kejì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọkọ òun ló búlọ́ọ̀kù òun. Kí wọ́n tó ṣàlàyé fún un, ó ti di ẹrù rẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀, àwọn ọmọdé wà níbí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí gbogbo ọjà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọjọ́ tí ẹni náà bá sùn lòun náà sùn.

Ọmọ kan ládùúgbò ló bá a ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ọmọ náà mọṣẹ́. WordPress, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ló lò, ọ̀fẹ́ ni, òun náà sì ni wọ́n ń lò jù láyé. Ó gbowó, ó jẹ ìrẹsì ọ̀fadà àwo méjì, ó lọ. Kó tó pé ọdún méjì, ó ti jápa lọ sí Kánádà. Ló bá di ọjọ́ kan, oníbàárà pe Ìyá láti London pé, "Mọ́mì, mo tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o."

Ìgbà yẹn ni gbogbo wa tó mọ̀ pé nǹkan méjì ni wọ́n ń sanwó fún: hosting àti orúkọ. Hosting ọ̀hún kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ilé tí a jọ ń gbé yìí. Ẹnìkan ló ní kọ̀ǹpútà ńlá tí kì í sùn, tí wọ́n ń pè ní server. Ìwọ ń san owó yàrá kan nínú rẹ̀, o kó àwòrán ọjà rẹ síbẹ̀. Orúkọ tí oníbàárà fi ń wá ọ, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń rà á, ọ̀tọ̀ ni owó rẹ̀. Bí onílé bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, o lè kẹ́rù lọ sílé mìíràn, kí o mú orúkọ rẹ dání. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, gbogbo ẹni tó bá béèrè rẹ ni wọn yóò júwe ilé tuntun fún. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí ni wọn yóò fi béèrè?

Ibi tí ọmọ yẹn ti dá wa lágara nìyẹn. Orúkọ ara rẹ̀ ló fi ra orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ímeèlì tirẹ̀ ni wọ́n ń kọ̀wé sí pé owó ọdún ti tó san. Àdírẹ́ẹ̀sì tó bá parí sí .ng bíi ti Ìyá, àjọ NiRA ló ń bójú tó o, àwọn ilé iṣẹ́ tó gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ wọn ló sì ń tà á fún ará ìlú. A kọ̀wé sí àwọn tó tà á, wọ́n ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé làwọn mọ̀. Ìyá ní òun lòun ni ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní àwọn gbà, kí ẹni tó wà nínú ìwé wá sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí a ṣe rí ọmọ náà mú. Ìyá Aládìrẹ ò pe agbẹjọ́rò, ìyá ọmọ ló lọ bá, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn, ó sì ń sunkún díẹ̀díẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá lè máa béèrè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Kánádà ti ń pè. Wọ́n yí orúkọ padà sí ti Ìyá, ímeèlì tirẹ̀, password tirẹ̀. Kò sí ohun tí ìtìjú ò lè ṣe ní Abẹ́òkúta.

Ó wá ku ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ti wá ilé rí mọ ẹnu àwọn ẹ̀jẹ́ńtì. Ẹnìkan ní kí Ìyá gba odindi server, tí wọ́n ń pè ní dedicated, bí ẹni gba ilé alájà méjì fún ara rẹ̀ nìkan. Ẹlòmíràn ní VPS, ìyẹn fúláàtì tìrẹ, mítà iná tìrẹ, nínú ilé kan náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ tó wà lórí àtẹ yìí ò tó ọgọ́rùn-ún, ta ni yóò gbé yàrá tó kù?" Shared hosting ló tó o: ọ̀pọ̀ ayálégbé nínú server kan. Ewu ibẹ̀ ni pé bí ará yàrá kejì bá ń ṣe àríyá, ìwọ náà ò ní rójú sùn. Bí wọ́n bá sì kọ "unlimited" gàdàgbà sójú ìwé, ẹ ka àdéhùn ìsàlẹ̀. Ẹ óò rí iye fáìlì tí ẹ kò gbọdọ̀ kọjá.

Owó ọdún àkọ́kọ́ kọ́ ni kí ẹ wò, ti ọdún kejì ni. Wọ́n á fi owó táṣẹ́rẹ́ fà yín wọlé, ó máa di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta nígbà tí ẹ bá ti tẹ́ ẹní tán. Tó bá tún lọ jẹ́ dọ́là ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba ò ju bíi 460 náírà lọ. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Owó hosting ò gbéra lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ wa ló yọ̀ níhìn-ín. Nítorí náà ni Ìyá ṣe wá àwọn tó ń gba náírà. Ẹni tó tún fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìwé ẹ̀rí ààbò, ìyẹn àmì àgádágodo tí àwọn búráúsà kan ń fi hàn lókè, mo lé e jáde: Let's Encrypt ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n tún ń yangàn pé server àwọn ń ṣiṣẹ́ fún 99.9% nínú ọdún. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún. Ẹ yọ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, ó ń lọ bíi wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú 45. Onílé lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín fún odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan, kó ní òun ò yẹ àdéhùn. Èmi ò tiẹ̀ bínú. Bí àwọn oníná bá lè ṣe ìdajì ìyẹn fún wa, màá jó yí Ìtòkú po. Ọ̀rọ̀ iná ló mú mi rántí òyìnbó tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, Tim Berners-Lee. Server àkọ́kọ́ tó lò ní ilé ìwádìí CERN, ó lẹ bébà mọ́ ọn lára, ó fi ìǹkì pupa kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á. Gbogbo wẹ́ẹ̀bù ayé, bébà kan ló ń ṣọ́ ọ!

Ilé a sì máa jó. Ní oṣù kẹta 2021, iná sọ nínú ilé server OVH ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, ó kó àìmọye wẹ́ẹ̀bùsáìtì lọ. Àwọn kan ní ẹ̀dà iṣẹ́ wọn lóòótọ́, àmọ́ inú ọgbà yẹn náà ni ẹ̀dà wà. Láti ìgbà tí mo ti ka ìyẹn fún Ìyá, oṣooṣù ló ń gba ẹ̀dà tirẹ̀ sílé.

Èkó ni kí server wà àbí London? Mo ní ta ni ń rajà? Bí oníbàárà bá pọ̀ nílé, ẹ gba Èkó, nítorí ọjọ́ tí wáyà abẹ́ òkun bá já, bó ṣe já lẹ́bàá Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, onílé òkèèrè á jìnnà sí yín. Ti Ìyá, London ni oníbàárà rẹ̀ pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni server rẹ̀ wà. Kí ẹ sì tó bú onílé pé wẹ́ẹ̀bùsáìtì ń falẹ̀, ẹ wo àwòrán tí ẹ kó síbẹ̀. Bí fóònù ṣe yà á ni Ìyá ṣe gbé e sórí rẹ̀, ẹyọ kan ń wọn mẹ́gábáìtì márùn-ún. Ta ló fẹ́ fi dátà rẹ̀ ka fọ́nrán òwú aṣọ?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù nìyí. Kó tó san kọ́bọ̀, ó ní kí n kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ hosting mẹ́ta láago mẹ́wàá alẹ́ Sátidé, bíi pé ilé ti ń jò. Ẹnìkan ò fèsì. Ẹnìkan kí wa káàbọ̀, ó sì sùn. Ẹ̀kẹta dáhùn, ó tún béèrè bí a ṣe wà. Òun ni Ìyá sanwó fún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ Kánádà pè mí pé òun fẹ́ gbéyàwó, kí n bá òun bẹ Ìyá fún àdìrẹ ẹ̀dínwó. Mo jíṣẹ́. Ìyá ní kó lọ sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì bíi gbogbo oníbàárà, kó san án ní dọ́là Kánádà, kó sì rí i dájú pé orúkọ ara rẹ̀ ló kọ síbẹ̀.